Àwòrán Musyimi Lẹ́bàá Ẹ̀rọ Omi

Màámi, ẹ kú ìfaradà ọ̀dá yìí.

Mo gbọ́ ohùn yín tí ẹ gbà ránṣẹ́ sórí fóònù mi: "Kamene, ìwọ lo kàwé. Musyimi tó fẹ́ ṣojú wọ́ọ̀dù wa ní òun ti gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ lókè odò, ó sì fi àwòrán ara rẹ̀ níbẹ̀ hàn wá. Ṣé òótọ́ ni? Mwikali ní àwòrán kì í parọ́, ṣebí tìẹ náà la fi mọ̀ pé ayé yẹ ọ́."

Mo wo àwòrán náà títí mo fi lálàá rẹ̀: omi ń ṣàn lọ́wọ́ Musyimi, èmi àtẹ̀yin ṣì ń wa yanrìn odò Tiva tó gbẹ, ká lè rí omi. Ó rẹ́rìn-ín dáadáa nínú àwòrán náà. Èmi náà rẹ́rìn-ín níwájú ilé ńlá yẹn nínú àwòrán tí mo fi ránṣẹ́ sí yín láti òkè òkun, Màámi, bẹ́ẹ̀ mi ò gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé rí.

Kí ẹ tó dìbò lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ lọ wo ilẹ̀ ibẹ̀. Bí omi bá wà níbẹ̀, ẹ ó rí ipa ẹsẹ̀ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó ń pọnmi. Bí kò bá sí, ẹ má dìbò fún un.

Mò ń rí oúnjẹ jẹ. Ẹ kí Bàbá, ẹ kí Àǹtí Mwikali. Ẹ má pè mí. Ọjọ́ Jímọ̀ nìkan ni àwọn ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ ń dá fóònù wa padà fún wa.

Kamene yín