Labeebah, Ọwọ́ Mi Kò Dé Inú

Labeebah, Àpínkẹ́ mi, ọdún mẹ́rin pé lónìí tí o fi mí sílẹ̀ ní Ìkòsì. Ọdún mẹ́rin! Èmi ìyá rẹ ni mò ń bá ọ sọ̀rọ̀, nítorí kò sí ẹlòmíràn nínú ilé yìí tí mo lè bá sọ ọ́.

Yàrá òkè tí a jọ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ti parí. Mo kùn ún bí o ṣe fẹ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń sùn níbẹ̀. Oúnjẹ ẹni méjì ni mo ṣì ń sè. Màá wá jẹ èyí tó kù lọ́jọ́ kejì.

Ṣé o rántí ọjà Mile 12 tí mo ti ń ra tòmátì? Tírélà tòmátì bá ti já ẹrù, ìwọ ọmọdé ìgbà náà á máa bi mí pé kí ló dé tí mo fi ń ki ọwọ́ bọ àárín apẹ̀rẹ̀. Mo ní òkè lè tutù, àmọ́ tòmátì tó bá ti ń jẹrà nísàlẹ̀ á máa gbóná. O gbé ọ̀rọ̀ náà dé yunifásítì! O di ẹni tó ń wá ìyẹ̀fun tí yóò máa tàn nínú ẹran ara, tí àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ yóò sọ bí inú ṣe gbóná tó, láìsí pé wọ́n fi ọ̀bẹ kan ènìyàn. O máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé èmi ni ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́.

Ọ̀gá wo? Lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn, o ní inú ń run ọ́. Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí rẹ, mo ní ara rẹ tutù, kí o lọ sinmi. Èmi tí kì í fi òkè apẹ̀rẹ̀ ra ọjà! Nígbà tí a fi dé ọ̀dọ̀ dókítà lọ́jọ́ Àìkú, ìfun rẹ ti bẹ́, ọyún ti kún inú rẹ. Dárí jì mí, ọmọ mi.

Akínbíyì tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ kò jẹ́ kí iṣẹ́ náà kú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó po ìyẹ̀fun rẹ mọ́ omi, ó fi abẹ́rẹ́ gún un sínú ẹran adìyẹ lórí tábìlì wa, ó tan ìmọ́lẹ̀ sí i. Ó tàn bí ewé tútù. A gbé e sínú omi gbígbóná, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Ó ní ó ṣì máa pẹ́ kí wọ́n tó lò ó fún ènìyàn. Mo sunkún títí ó fi lọ.

Lọ́jà, wọ́n ń sọ pé mo ti gbé ikú rẹ kúrò lọ́kàn, pé mo ti ń rẹ́rìn-ín. Òkè apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Àárò rẹ ń sọ mí, Àpínkẹ́, bíi ti ọjọ́ àkọ́kọ́. Mo fẹ́ràn rẹ. Kí Ọlọ́hun fi Àlùjánnà kẹ́ ọ.

Ìyá rẹ,
Ajarat