Ìbéèrè Tí Mo Gbé Padà Wálé

Bàbá mi tó ti lọ, tí mo ṣì ń bá sọ̀rọ̀,

Ohun tí kò jẹ́ kí n sùn lọ́sẹ̀ yìí pọ̀: orúnkún mi, òjò tó ń jò sí yàrá ẹ̀yìn, ìwé àwọn agbowó-orí tí mo ń bẹ̀rù àtiṣí, àti ṣọ́ọ̀bù wa ní Brobo, ìlú kékeré kan nítòsí Bouaké tí mo ń gbé. Ti ṣọ́ọ̀bù yẹn ló pọ̀ jù. Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi tí ọkọ rẹ̀ kú, ló ń ta páàtì alùpùpù níbẹ̀. Onílé fẹ́ mọ̀ bóyá a ó tún san owó ọdún mìíràn. Lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ Àìkú, Àbẹ̀kẹ́ bi mí bóyá èrè la ń jẹ ní Brobo àbí ojú owó. Mi ò mọ̀. Bàbá, ó rẹ̀ mí.

Ẹni tó lè mọ̀ wà. Mo ń sanwó fún oníṣirò owó kan ní àdúgbò N'Gattakro ní Bouaké níbí, ọmọ Baoulé, ẹ̀yà onílẹ̀ ibí, ọmọlúàbí, tó ń pè mí ní vieux père, ìyẹn bàbá àgbà lédè Faransé. Bí mo bá débẹ̀, mo máa ń kí i títí, mo máa ń béèrè ìyá rẹ̀, mo máa ń gbé àpò rìsíìtì sórí tábìlì, màá sì sá lọ kí n má baà dí i lọ́wọ́. Nígbà tí mo lọ kẹ́yìn, ó fa àga fún mi, ó ní ṣé kò sí ohun tí mo fẹ́ béèrè. Mo ní kò sí. Mi ò fẹ́ kó rò pé àgbà Anago, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbí, ò mọ òwò ara rẹ̀. Mo gba ọ̀mọ̀wé bí ẹni gba aláàárù: ẹrù nìkan ni mo ń gbé rù ú.

Ṣé ẹ rántí bẹ́ǹṣì télọ̀ àdúgbò wa nígbà tí mo wà lọ́mọdé? Bí ẹ bá gbé aṣọ lọ, ẹ ó jókòó tì í. Ẹ ó bi í ibi tó fẹ́ gé, ìdí tó fi fẹ́ gé e níbẹ̀, àti ohun tí èyí tó bá ṣẹ́kù lè ṣe. Ẹ kì í bú u, ẹ kì í fura sí i. Èmi á lọ dúró lódìkejì títì nítorí ìtìjú. Síbẹ̀, ta ni aṣọ ń bá lára mu tó yín ládùúgbò wa? Kí ló dé tí ẹ ò pè mí wá jókòó?

Àbẹ̀kẹ́ ní òun á bá mi lọ sọ́dọ̀ oníṣirò owó náà, kí n má baà tún kí i tán kí n yíjú sílé. Bó bá jẹ́ ojú owó la ń jẹ, a ó kó ọjà rẹ̀ wá sí Bouaké kó tó tán. Bó bá jẹ́ èrè, kó san owó ṣọ́ọ̀bù náà. Mi ò ní dìde lórí àga yẹn títí màá fi gbọ́ ìdáhùn.

Èmi ọmọ yín, tó ń ṣàárò yín lójoojúmọ́. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ yìí, láàárọ̀, ni mo ń lọ.