Agbọ̀n Obì Lẹ́nu Ọ̀nà Bàbá Dáre

Ẹ kú ilé o, Màmá mi ní Ṣakí. Èmi Àkàndé yín dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ láti Sìmáwá níbí. Ẹ bá mi kí Bọ̀dá Àgbà àti àwọn ìyàwó ilé. Ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ńkọ́?

Òjò ilẹ̀ Rẹ́mọ kò jẹ́ ká sinmi, ṣùgbọ́n ọjà mi ń lọ. Ẹ bi wọ́n léèrè títí dé Ṣágámù, kò sí ẹni tó mọ obì gbàǹja ṣà bí Àkàndé, èmi tí mi ò kàwé kọjá ìwé mẹ́ta. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni mò ń gbé. Àmọ́ láti ìgbà tí ìyá àwọn ọmọ ti lọ, èmi nìkan ló kù síbẹ̀. Lónìí mo jókòó sórí àga yìí, lọ́la mo bọ́ sórí ìyẹn, kí eruku má baà rò pé òun ló nilé.

Bàbá Dáre, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé lẹ́yìnkùlé mi, ìyàwó tiẹ̀ náà kú. Kò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í ṣí. Ìjọ ní kí n lọ bá a sọ̀rọ̀. Ta ni wọn ì bá tún rán? Mo wọ agbádá, mo mú Bíbélì, mo ròyìn fún un bí èmi ṣe sin aya tí mi ò pa ọjọ́ ìsinmi kan jẹ. Ó ní òun ti gbọ́, kí n tètè máa lọ kí òjò má pa agbádá mi. Ó tilẹ̀kùn. Èmi, Màmá!

Mo délé, mo rántí yín. Nígbà tí aládùúgbò wa sin ọmọ, ẹ ò wàásù. Ẹ gbé igbá ẹ̀gúsí yín lọ sójúde rẹ̀, ẹ jókòó, ẹ ń bó o, títí òun náà fi nawọ́ sí igbá. Ẹ sọ fún mi pé Jésù pàápàá sunkún kó tó pe Lásárù.

Ilẹ̀ mọ́, mo bọ́ agbádá sílẹ̀, mo gbé agbọ̀n obì lọ sẹ́nu ọ̀nà Bàbá Dáre. Mò ń ṣà á, mò ń yọ èyí tí kòkòrò ti jẹ. Kò jáde. Mo tún lọ lọ́jọ́ kejì. Àwọn ọlọ́kadà ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ṣé bàbá olóbì ti sọ ilé rẹ̀ nù ni. Ọjọ́ tí òjò ń kán sínú agbọ̀n ni ilẹ̀kùn ṣí. Ó ní obì á bàjẹ́, kí n gbé e wọlé. Ó fa agbọ̀n mọ́ra, ó ń bá mi ṣà á, ó sì ń ju èyí tó dára mọ́ ti kòkòrò! Ẹni tó mọ obì bíi tèmi, mo jẹ́ kó máa dà wọ́n pọ̀. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí ìyàwó rẹ̀ ṣe máa ń kọrin nídìí ọbẹ̀. Ìgbà tí mo máa mọ̀, èmi náà ń sọ ti tèmi, ohun tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Kò tíì padà sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ń bi mí, mo ní kí wọ́n ṣì fi wá sílẹ̀ ná. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ àná, òun ló kanlẹ̀kùn mi. Ó jókòó sórí ọ̀kan nínú àwọn àga yẹn, ó ní agbọ̀n dà?

Bó ṣe lọ tán, ọkàn mi fò sọ́dọ̀ yín. Kò sí ohun tí mi ò fi ránṣẹ́ sí yín rí, àfi ara mi. Ta ní ń jókòó tì yín? Mò ń bọ̀, Màmá. Ẹ má tíì bó ẹ̀gúsí ọdún yìí tán.

Kí Olúwa má jẹ́ kí ojúde yín dá páropáro. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, tọmọdé tàgbà.

Èmi ni ọmọ yín,
Àkàndé, ọba obì Sìmáwá.