Pákó Mi Kò Kán

Àǹtí Ṣìmí mi,

Ẹ kú àjò o. Mo kí ọkọ yín àtàwọn ọmọ. Ẹsẹ̀ Màmá tó wú ti fà.

Àǹtí, pákó mi kò kán! Ọ̀gá tó ń kọ́ mi níṣẹ́ káfíńtà ní Mushin lẹ pákó nínípọn mẹ́ta pọ̀, wọ́n da gọ́ọ̀mù sí i yàlàyàlà. Èmi lẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méje, ìlà igi wọn dábùú ara wọn, gọ́ọ̀mù kàn kárí ni.

Ọ̀gá wo tèmi, wọ́n ní: "Ọmọ oko, tó bá kán, o ń padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ nìyẹn!"

Mo ní mo gbà, a sì gbé pákó méjèèjì dábùú orí àpótí. Ọ̀gá fúnra wọn fò lórí méjèèjì. Tèmi kàn mì, tiwọn là lójú gọ́ọ̀mù, wọ́n ṣubú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín: "Ṣe òmíràn!"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra bẹ́ẹ̀dì tí ẹ ṣèlérí fún Màmá mọ́. Màá fi irú pákó mi yìí kàn án. Ọlọ́run á mú yín dé láyọ̀, kẹ́ ẹ wá fò lórí ẹ̀ fúnra yín.

Àbúrò yín,
Níyì