Pápákọ̀ Méjì, Ewúrẹ́ Kan

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi, torí ẹbí mi ń gbọ́ yín.

Àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá mi méjì wọ bàálù láti Durban wá sí Johannesburg láti bá mi tọrọ ìyàwó. Ilé àwọn àna mi kò jìnnà sí Lanseria, pápákọ̀ òfurufú kékeré, ibẹ̀ sì ni Bàbá Bhekumuzi fẹ́ bọ́ sí. Bàbá Zwelibanzi yarí, ó ní pápákọ̀ ńlá ni tòun.

"Ṣé àpò ọ̀dùnkún ni mí, tí wọ́n á já sẹ́gbẹ̀ẹ́ oko?"

"Ẹ̀gbọ́n, kí ẹ tó rọ́nà jáde níbẹ̀, màá ti jẹun yó."

Oníkálukú wọ bàálù tirẹ̀ lọ síbi tó wù ú, àmọ́ Bhekumuzi kò jẹun o. Ní àṣà tiwa, ṣe ni àwọn alágbàsọ ọkọ máa ń jọ dúró lẹ́nu géètì àwọn àna, tí wọ́n á jọ ké oríkì ìdílé kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún wọn. Bhekumuzi nìkan ké títí ohùn rẹ̀ fi há.

Àwọn àna mi yọjú lójú fèrèsé: "Ìwọ nìkan? Àbí ìwọ lo fẹ́ fẹ́ ọmọ wa?"

Kí Zwelibanzi tó dé, wọ́n ti bu ìtanràn ewúrẹ́ kan lé wa, torí pé ẹnì kan ṣoṣo ló wá.

Báyìí, oníkálukú ní pápákọ̀ ẹnìkejì ló jẹ̀bi, ẹnikẹ́ni kò sì fẹ́ mú ewúrẹ́ wá. Mo rò ó títí: àbí ipò ẹ̀gbọ́n gan-an ni wọ́n ń jà lé lórí?

Bàbá ìyàwó ti gbọ́ nípa ìjà náà. Ó ní kí n kúkú mú ewúrẹ́ kọ̀ọ̀kan wá fún pápákọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ta ló jẹ̀bi? Ẹ tètè fèsì kí ìjọba tó kọ́ pápákọ̀ kẹta.

Èmi ni,
Ọkọ Ìyàwó Tí Kò Tíì Níyàwó.