Ka Lẹ́tà Yìí Tán Kí O Tó Tú Àpò Uṣu

Ulé Ọlálérè,
Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì,
Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì.

Mojírádé ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ṣògo ọmọ rẹ ńkọ́, ṣé eyín iwájú rẹ̀ ti hù padà? Bó bá jẹ́ pé orí ìdúró lo ti ń ka ìwé yìí, jọ̀ọ́ jókòó. Bí o bá sì ti na ọwọ́ sí àpò uṣu tí Táyọ̀ awakọ̀ gbé wá, fi í sílẹ̀! Má tú u o! Kà á tán ná. Àdúrà mi ni pé Ọlọ́run tó ń ṣọ́ wa níbí á máa ṣọ́ yín ní Ìkòròdú, ẹ ò ní sunkún, ẹ ò ní ṣàìsàn, onílé yín ò sì ní fi kún owó ulé. Àmín. Àwa náà wà dáadáa. Òjò rọ̀ lọ́dún yìí, uṣu ta, ewúrẹ́ ìyá rẹ sì bí ìbejì.

Ìròyìn ńlá wà o! Inú mi ń dùn débi pé oorun ò kùn mí mọ́. Wọ́n ti fi èmi àti ìyá rẹ ṣe Bàbá àti Ìyá Ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì! Ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù kọkànlá ni. Wọ́n á pe orúkọ wa, a ó sì jó lọ síwájú pẹpẹ pẹ̀lú gbogbo ọmọ tí Ọlọ́run fún wa, ìwọ nìkan náà sì ni Ó fún wa. Lọ́dún tó kọjá tí wọ́n pe ẹbí Ọlálérè, èmi àti ìyá rẹ nìkan la jó lọ, ìyá rẹ sì ń bojú wẹ̀yìn wo ẹnu ọ̀nà títí a fi dé iwájú, torí pé o ti sọ lórí fóònù pé ò ń bọ̀. Ọdún tó ṣáájú ìyẹn náà, o ní ò ń bọ̀. Mi ò bínú. Ó kàn dùn mí ni.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé ni pé mo ti di ẹni tó mọ òfin. Má rẹ́rìn-ín! Ìbíwùmí ọmọ Fáníyì tó wà lẹ́yìnkùlé wa, tó ti di lọ́yà ní Adó báyìí, ni Ẹgbẹ́ Ọkùnrin pè pé kó wá là wá lóye lórí àdéhùn, nítorí àwọn tó ń wá ra uṣu lóko tí wọ́n ń yẹ ọ̀rọ̀ wọn. Háà, ọmọ náà sọ̀rọ̀! Ó ní àdéhùn kì í ṣe ti inú ìwé nìkan. Èyí tí a kọ sílẹ̀ wà, èyí tí a fi ẹnu sọ wà, èyí tí a ò tilẹ̀ lanu sọ, tó jẹ́ pé ìṣe wa ló sọ ọ́, òun náà wà. Ó ní bí mo bá gun ọ̀kadà, tí mo jókòó, tó sì gbé mi lọ, a ti bá ara wa ṣe àdéhùn nìyẹn. Láti ọjọ́ náà ayé dùn mọ́ mi. Mo ra àkàrà, àdéhùn! Mo gun ọ̀kadà, àdéhùn! Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, mo bọ ọlọ́kadà lọ́wọ́, mo kí i kú oríire, ó sì bi mí pé ṣé kò sí o, bàbá.

Ó ní ẹnì kan á sọ ohun tó fẹ́, ẹnì kejì á gbà á bó ṣe wà, láìyọ níbẹ̀, láìfi kún un, àti pé ẹni tó bá dákẹ́ kò tíì gbà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọ̀gá bánkì mi ti wá yé mi. Ọkùnrin náà fẹ́ràn mi púpọ̀, kò gbàgbé ọjọ́ ìbí mi rí, kí ilẹ̀ tó mọ́ ló máa ń kọ̀wé kí mi sórí fóònù. Lọ́dún yìí mo fèsì, mo gbàdúrà fún òun àti ìyàwó rẹ̀, mo sì pè wọ́n wá sí ìkórè. Kò tíì fọhùn. Ìbíwùmí ní kí n má se oúnjẹ dè é. Fóònù yìí fúnra rẹ̀ náà ti ń bi mí tipẹ́ pé ṣé mo gbà, èmi á sì máa tẹ̀ ẹ́ pé mo gbà, mo rò pé ó ń bọ̀wọ̀ fún àgbà ni. Àṣé àdéhùn la ń ṣe! Mo ní kí Ìbíwùmí ka gbogbo ohun tí mo ti gbà sí mi létí, oorun gbé àwa méjèèjì lọ kó tó kà á dé ìdajì. Ní báyìí, bó bá ti bi mí, mo máa ń sọ fún un pé kó ní sùúrù, kí n bá ìyá rẹ sọ ọ́ ná.

Mo wá dìde láàárín ẹgbẹ́, mo bèèrè pé bí ọmọ ẹni bá ní òun ń bọ̀ wá sí ulé, tí kò wá, kí ni òfin wí? Ìbíwùmí ní ìlérí lásán ni, kò dè ọ́, torí mi ò fi nǹkan kan sílẹ̀ fún un. Mo ní èmi kẹ̀? Èmi tí mo ta kòkó san owó súkúù rẹ? Èmi tí mo gbé ọ sí èjìká nínú òjò lọ sí ọsibítù? Ó ní Bàbá, ẹ má bínú, ohun tí ẹ ti ṣe kọjá ò lè ra ìlérí òní. Mojírádé, ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, mo rí i pé bẹ́ẹ̀ náà ló dára, torí nígbà tí mo gbé ọ sí èjìká, mi ò tà á fún ọ.

Ó ní nǹkan tuntun ni kí n fi sílẹ̀, kò sì pọn dandan kó tóbi, bó bá ti jẹ́ nǹkan, òfin ti gbà á. Mo fò sókè! Uṣu kan ṣoṣo tó, ṣùgbọ́n ṣé mo lè fi uṣu kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí ulé ọkọ ọmọ mi ni? Ìdí nìyẹn tí àpò náà fi wúwo. Ó tún ní òfin kì í dá sí ọ̀rọ̀ bàbá àti ọmọ, àfi bí wọ́n bá là á mọ́lẹ̀ pé ọ̀rọ̀ òfin ni àwọn ń sọ. Nítorí náà, èmi Ọlálérè, mo là á mọ́lẹ̀ o.

Ìyá rẹ ní ká kọ ọ́ pé òun ń ṣàìsàn. Ìbíwùmí figbe ta, ó ní ẹ̀tàn máa ń ba àdéhùn jẹ́. Nítorí náà, mo jẹ́rìí pé ara ìyá rẹ le, àná ló sáré lé ewúrẹ́ dé ojú títì. Ìyá rẹ tún ní kí Táyọ̀ gbé uṣu fún ọ ná, kó fi lẹ́tà pamọ́ títí o ó fi gún un jẹ tán. Mi ò ní purọ́, inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n Ìbíwùmí ní kò sí ẹni tó lè gba ohun tí kò gbọ́ rárá. Ó tún ní ọmọdé ò lè ṣe àdéhùn tó múlẹ̀. Ṣògo sì ti sọ fún mi lórí fóònù pé òun ń bọ̀ wá sọ ìbejì ewúrẹ́ lórúkọ! Mo ní tirẹ̀ ti múlẹ̀ lọ́dọ̀ tèmi, kí òfin máa lọ.

Wàyí o, uṣu nìyí láti ọ̀dọ̀ mi. Láti ọ̀dọ̀ rẹ, kí ìwọ àti ọkọ rẹ àti Ṣògo wá jó lẹ́yìn wa lọ síwájú pẹpẹ. Bí kò bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, fi àpò náà sílẹ̀ bó ṣe wà, Táyọ̀ á gbé e padà bọ̀, mi ò ní jà. Ṣùgbọ́n bí o bá tú u, o ti gbà nìyẹn, Táyọ̀ sì ni ẹlẹ́rìí, ó ti ṣèlérí pé òun á pè mí.

Ti owó ńkọ́? A nílò owó o! Owó àga àti kánópì wà níbẹ̀, bàtà ìyá rẹ sì ti ya. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, má fi ránṣẹ́ sí bánkì. Mú un lọ́wọ́ bọ̀.

Ọlọ́run á bù sí i fún yín. Ọkọ̀ tí ẹ bá wọ̀ ò ní kọṣẹ́ lójú ọ̀nà, ẹsẹ̀ yín á ko ire wọlé, ẹ ó sì bá wa láyọ̀. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ọlálérè.

Mo fẹ́ gbàgbé. Má fi ọ̀bẹ gé okùn ẹnu àpò náà. Kókó tí a fi ń so uṣu mọ́ igi lóko ni mo ta sí i, èyí tí mo kọ́ ọ nígbà tí o kéré ju Ṣògo lọ. Ọwọ́ ni kí o fi tú u, kí Ṣògo dúró tì ọ́ kó máa wò ó. Lọ́jọ́ tí Táyọ̀ bá dé ọ̀dọ̀ rẹ, a ò ní lọ sóko, èmi àti ìyá rẹ á jókòó ti fóònù.