Lẹ́tà Mọ́kànlá Nítorí Síláàbù Kan

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kẹta 2024

Lẹ́tà keje. Mo fà á lé Ìyá Òǹtẹ̀ lọ́wọ́ ní ọ́fíìsì káńsù ní aago mẹ́wàá. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀ gan-an, iṣẹ́ tí mo máa ń rí i tó ń ṣe kò ju kó lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé lọ. Ó lù ú mọ́ lẹ́tà, ó lù ú mọ́ ẹ̀dà tí mo mú dání. Ó ní kánsẹ́lọ̀ ti jáde. Mo béèrè ìgbà tó máa dé. Ó ní ó ń bọ̀.

Mò-ń-bọ̀ ni mo sọ kánsẹ́lọ̀ yẹn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló gbé fóònù mi. Ó ní, Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀, mò ń bọ̀ wá wò ó. Ó ti lé lóṣù kan.

Kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀, bóyá orí mi á fúyẹ́. Gọ́tà iwájú ilé wa fẹ̀ ju kí èèyàn fò ó lọ. Síláàbù kan la fi ń kọjá bọ́ sí títì. Lóṣù kìíní, tírélà tó gbé kọ̀ǹténà ń fẹ̀yìn rìn, ó gun síláàbù náà, ó fọ́ ọ wọlé. Ẹni tó wà á kò tilẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ló kù tí à ń gbà. Èmi lè gbà á. Àga onítáyà Bàbá Tari, ọkọ mi, kò lè gbà á.

Rọpárọsẹ̀ ló kọlù ú níparí oṣù kẹwàá tó kọjá. Apá ọ̀tún, látòkè délẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun la máa ń lọ bá Perpetual ní ọsibítù, òun ló ń bá a na ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Ọwọ́ yẹn ti ń ṣí. Ó ti di ife mú lẹ́ẹ̀mejì, kò sì dà á nù. Perpetual kìlọ̀ fún wa pé ká má fi oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ ṣeré, pé ibẹ̀ ni ọwọ́ ti máa ń padà. Oṣù mẹ́fà yẹn á pé níparí oṣù kẹrin. Láti ìgbà tí síláàbù ti fọ́, a ò tíì débẹ̀.

Mo ti bẹ Perpetual kó máa wá sílé. Àwọn méjì péré ló kù fún gbogbo ọsibítù náà.

Ìṣẹ́gun, 5 Oṣù Kẹta

A ò lọ.

Ọjọ́bọ̀, 7 Oṣù Kẹta

Godfrey yà wá kí Bàbá Tari. Wọ́n jọ ru ẹrù ní wáàfù Àpápá fún ọgbọ̀n ọdún, ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n wà. Nígbà tó ń lọ, ó pè mí sẹ́yìn ilẹ̀kùn. "Our wife, àwa mẹ́rin á gbé e kọjá o. Two minutes." Mo ní ṣé ó ti gbàgbé oṣù kejì ni.

Lóṣù kejì, wọ́n wá lóòótọ́, àwọn mẹ́rin, wọ́n ti ká apá aṣọ. Bàbá Tari kọjú sí ògiri. Ó ní, "I no be cargo." Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ń fà nígbà yẹn ju báyìí lọ, ṣùgbọ́n gbogbo wa la gbọ́ ọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀. Mo ní kí wọ́n máa lọ.

Mi ò dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́ látọjọ́ náà. Ẹni tó ti fẹ̀yìn ru ẹrù olẹ́rù títí tó fi dàgbà, ó yẹ kó gba orí síláàbù jáde nílé ara rẹ̀. Káńsù ló sì yẹ kó ṣe é.

Ọjọ́ Ẹtì, 8 Oṣù Kẹta

Mo rí Mò-ń-bọ̀! Ó ń jáde ní gbọ̀ngàn káńsù, mo dúró sójú ọ̀nà rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀rí ọkàn òun ń da òun láàmú lórí ọ̀rọ̀ yìí, àmọ́ gọ́tà yẹn, ààlà ni. Ilé wa wà lábẹ́ tiwọn, títì iwájú ilé wa wà lábẹ́ káńsù kejì. Kí n lọ bá àwọn ọ̀hún.

Ọdún mẹ́tàlélógún tí mo ti ń gbé ládùúgbò Boundary, n kò mọ̀ pé ojú gọ́tà mi gan-an ni ààlà. Láti òní lọ, káńsù Ibí àti káńsù Ọ̀hún ni mò ń pè wọ́n.

Ọjọ́ Ajé, 11 Oṣù Kẹta

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mo ti ṣọ́ọ̀bù pa ní aago mọ́kànlá, àwọn télọ̀ tó fẹ́ ra òwú àti bọ́tìnnì á padà wá. Mo lọ sí Ọ̀hún.

Kánsẹ́lọ̀ tiwọn ní ọ̀yàyà ju Mò-ń-bọ̀ lọ. Ó fún mi ní àga, ó fún mi lómi, mo ní mò ń gbààwẹ̀, ó tọrọ àforíjì. Lẹ́yìn náà ló tẹ́ máàpù kan sórí tábìlì. Ó fi ìka tọ ìlà pupa kan títí, ó ní ṣé mo rí i, ìlà yìí sún sọ́dọ̀ Ibí. Mo wò ó. Ìlà yẹn nípọn tó fi bo gọ́tà, ó bo ilé wa, ó tún bo ìdajì títì. Ó ní kí n kọ lẹ́tà.

Onímáàpù. Lẹ́tà kẹjọ.

Ìṣẹ́gun, 12 Oṣù Kẹta

A ò lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16 Oṣù Kẹta

Àwa ará ilé àti ilé kejì pa ọwọ́ pọ̀. Nnamdi káfíńtà kan afárá onípákó, ó fẹ̀, ó lágbára, mo fò lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láti dán an wò. Àwọn ará títì ń fi mí rẹ́rìn-ín. Bàbá Tari ń wò wá lójú fèrèsé. Nígbà tí mo wọlé, ó ní kí n bá òun fá irùngbọ̀n. Ó ti tó oṣù kan àbọ̀ tó ti bìkítà fún irùngbọ̀n kẹ́yìn.

Ọjọ́ Ajé, 18 Oṣù Kẹta

Wọ́n ti gbé afárá náà lọ. Àwọn ọkùnrin márùn-ún láti Ọ̀hún, pẹ̀lú ọkọ̀ káńsù. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kan nǹkan lé gọ́tà ìjọba láìgba àṣẹ. Nnamdi bá wọn pariwo títí ohùn rẹ̀ fi há. Wọ́n tú u ní pákó-pákó. Wọ́n já ìwé kan lé mi lọ́wọ́, Onímáàpù ló fọwọ́ sí i.

Èsì àkọ́kọ́ tí mo rí gbà látọ̀dọ̀ káńsù méjèèjì nìyí. Mo ki í bọ inú fáìlì.

Ìṣẹ́gun, 19 Oṣù Kẹta

Irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń hù padà.

Ọjọ́rú, 27 Oṣù Kẹta

Lẹ́tà kẹsàn-án, ìkẹwàá. Mi ò ronú kọ wọ́n mọ́, déètì nìkan ni mò ń yí. Mi ò bínú mọ́ náà. Mo rò pé màá bínú, mo dúró dè é nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá láti Amukoko títí dé ọ́fíìsì, kò dé. Ìyá Òǹtẹ̀ ti ń kí mi bí ẹbí. Ó béèrè ara ọkọ mi. Mo ní ó wà níbẹ̀.

Láàárọ̀, bí mo ṣe ń wá fáìlì, Bàbá Tari ní níbo ni mò ń lọ. Mo ní káńsù. Ó ní, "Again?" Ó wò mí pẹ́, ó ṣe bí ẹni fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo ti pẹ́, mo jáde.

Ọjọ́ Ajé, 1 Oṣù Kẹrin

Ọjọ́ kejì Àjíǹde. Tari ọmọ wa pè láti Warri, ó bi mí nípa ọwọ́ bàbá rẹ̀. Mo ní ó ń dára sí i. Irọ́ ni. Àwọn ìka ti ń ká wọnú àtẹ́lẹwọ́. Lánàá tí mo fẹ́ bá a gé èékánná, mo ní láti ṣí wọn níkọ̀ọ̀kan, òógùn bò mí. Ó ń wo sílíìnì ní gbogbo àkókò náà.

Ọjọ́rú, 10 Oṣù Kẹrin

Ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀. Mò-ń-bọ̀ fi ìkíni ránṣẹ́ sórí fóònù gbogbo wa, àwòrán rẹ̀ tóbi ju òṣùpá inú ìkíni náà lọ. Mo dá a lóhùn: ẹ ṣé, síláàbù ńkọ́? Ó kà á. Mo rí i pé ó kà á.

Ọjọ́ Ẹtì, 12 Oṣù Kẹrin

Ìkọkànlá. Ẹ̀dà kan fún Ibí, ẹ̀dà kan fún Ọ̀hún.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20 Oṣù Kẹrin

Wọ́n dé! Káńsù Ibí. Sìmẹ́ńtì, irin, òṣìṣẹ́ mẹ́fà. Ṣùgbọ́n nígbà tó di aago mẹ́rin, wọ́n ń ṣa ṣọ́bìrì wọn jọ. Wọ́n ti mọ òpó kan sáàárín gọ́tà, wọ́n sì da kọ́ńkéré láti ẹnu ọ̀nà wa dé orí òpó náà. Ó dúró síbẹ̀, irin yọ jáde létí rẹ̀. Mo bi ọ̀gá wọn pé ìyókù ńkọ́. Ó ní ibí yìí ni Ibí parí sí. Kò mọ̀ pé orúkọ tí mo sọ wọ́n nìyẹn.

Pákó méjèèjì la tẹ́ sí ìyókù.

Ọjọ́ Ẹtì, 26 Oṣù Kẹrin

Kọ́ńkéré ti gbẹ, Mò-ń-bọ̀ wá ṣí i. Ríbọ́ọ̀nù, oníkámẹ́rà, omi inú ọ̀rá. Ó ní àwọn ti ṣe tiwọn, kí a sọ fún àwọn Ọ̀hún kí àwọn náà ṣe tiwọn. Ó ní kí wọ́n gbé Bàbá jáde, kí àwọn jọ ya àwòrán.

A ti àga náà bọ́ sórí rẹ̀. Ọjọ́ tí atẹ́gùn títì ti fẹ́ sí ọkọ mi lára kẹ́yìn, oṣù kìíní ni. Mò-ń-bọ̀ gbọ̀n ọ́n lọ́wọ́, ọwọ́ ọ̀tún gan-an ló fà, ó sì tètè fi í sílẹ̀. Wọ́n ya àwòrán. Wọ́n lọ. Bàbá Tari jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀, ó ń wo títì.

Mo pe Onímáàpù. Ó ní fáìlì wà lọ́dọ̀ àwọn awọnlẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 27 Oṣù Kẹrin

Perpetual pè. Ó ní àwọn tó ń dúró ti pọ̀, bí a ò bá wá ní Ìṣẹ́gun yìí, òun á yọ káàdì rẹ̀. Ó bẹ̀ mí kí n má bínú. Mo ní mi ò bínú, òótọ́ sì ni.

Ọjọ́ Àìkú, 28 Oṣù Kẹrin

Mò ń ká aṣọ lọ́wọ́. Mi ò mọ ohun tó sọ sí mi lọ́kàn, bóyá ó kàn ti rẹ̀ mí ni. Mi ò gbójú sókè. Mo ní, Bàbá Tari, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí Godfrey àtàwọn yòókù gbé yín lọ lọ́tùúnla.

Ó ní, "Ó dáa."

Mo rò pé mi ò gbọ́ dáadáa. Mo ní kí lẹ wí. Ó ní ó dáa.

Ìṣẹ́gun, 30 Oṣù Kẹrin

A lọ.

Godfrey àti àwọn mẹ́ta dé ní aago méje. Wọ́n gbé e tòun tàga. Kò tó ìṣẹ́jú méjì lóòótọ́. Bàbá Tari gan-an ló ń darí wọn, "Left, Godfrey, your left," ohùn tó fi ń ṣiṣẹ́ ní wáàfù ló fi ń sọ ọ́. Èrò títì wò wọ́n lẹ́ẹ̀kan, wọ́n bá tiwọn lọ.

Perpetual ṣí àwọn ìka náà. Ó pẹ́ lórí wọn. Ó ní ẹsẹ̀ á ṣì dáa, ó lè fi ọ̀pá rìn kí ọdún tó parí. Ọwọ́, rárá. Ó ní bó bá jẹ́ pé a wá lóṣù kejì ni, ó wá dákẹ́. Mo ṣàlàyé Ibí àti Ọ̀hún fún un, mo ṣí fáìlì, mo fi gbogbo òǹtẹ̀ hàn án. Ó wo fáìlì. Ó wo Godfrey àtàwọn ọkùnrin mẹ́ta tó jókòó sórí bẹ́ńṣì.

Nígbà tí a délé tí wọ́n sì ti lọ, mo ní Mò-ń-bọ̀ ló jẹ ọwọ́ yín, Ọlọ́run á bi í. Bàbá Tari ní rárá.

Ó pẹ́ kó tó sọ ọ́ tán, ọ̀rọ̀ ṣì ń wúwo lẹ́nu rẹ̀. Ó ní ọjọ́ tí òun kọ̀ fún Godfrey, ìtìjú ni. Pé òun rò pé mo máa tún bẹ òun tó bá di ọjọ́ kejì. Pé bẹ́ẹ̀ la máa ń ṣe é, èèyàn á kọ́kọ́ kọ̀, wọ́n á tún bẹ̀ ẹ́, á sì gbà. Ó ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni òun ń retí. Òun á kàn rí mi tí mo gbé fáìlì sábíyá. Ó ní nígbà tó yá, òun rò pé síláàbù náà gan-an ni mo fẹ́.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ. Ó ní ó yẹ kí òun sọ. Kò bú mi. Ó ní kí n bá òun tan bọ́ọ̀lù.

Mo bẹ Mò-ń-bọ̀. Mo bẹ Onímáàpù. Mo bẹ Ìyá Òǹtẹ̀, tí kò lágbára nǹkan kan. Lẹ́tà mọ́kànlá. Ọkọ mi tá a jọ ń sùn ní yàrá kan, mi ò bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó rọrùn fún mi láti máa lọ jókòó sí káńsù ju kí n jókòó tì í, kí n máa wo bó ṣe dà. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí. Ó ń dùn mí, ó ti pẹ́ tí nǹkan kan ti dùn mí kẹ́yìn.

Ó ń wo bọ́ọ̀lù. Mo lọ jókòó sápá ọ̀tún rẹ̀, mo di ọwọ́ náà mú. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó wolẹ̀, kó tó rí i pé mo dì í mú.